Ẹni Tí A Di Lójú Náà Ní Bíréèkì

Orúkọ mi ni Comfort Àdùkẹ́ Oyèníran. Mo pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Bàbá mi ni Jeremáyà Oyèníran, ọmọ Oyèníran aláṣọ ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó kó ẹrù aṣọ wá sí ọjà Makola nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, tí kò sì padà lọ mọ́. Ìyá mi ni Naa Korkoi, ọmọ Ga, tí a bí sí etí òkun ní Accra níhìn-ín. Àwọn ará ilé ìyá mi ń pè mí ní Alata, bí àwọn Ga ti ń pe Yorùbá. Àwọn ará ilé bàbá mi ń pè mí ní ará Gánà. Mo ń dáhùn sí méjèèjì, mo sì ń fi méjèèjì yangàn.

Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé. Ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ jẹ́ ti iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní àdúgbò wa nígbà tí wọ́n bí mi: kíkọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Nípa ọdún márùn-ún yẹn ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe ń bi mí léèrè jù lẹ́yìn ìsìn, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe jókòó kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kò lè mọ ọdún márùn-ún náà bí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ Ìyáàfin Quaye.

Bí mo ti rí iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé ìwé ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, wọ́n ń wá tíṣà ní ilé ìwé ìjọ tó wà lẹ́bàá ilé wa, ìyá mi sì fà mí lọ́wọ́ lọ. Owó oṣù ibẹ̀ tó ra ọṣẹ àti iyọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà wọ́n fi mí sí abẹ́ Ìyáàfin Quaye, ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, pé kí ó tọ́ mi fún ọdún méjì.

Obìnrin gíga ni. Rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i kí ó fi na ọmọ kankan rí. Lẹ́tà ni ó ń fi í wọ̀n. Bí lẹ́tà mi kan lójú bọ́ọ̀dù bá ga ju èkejì rẹ̀ lọ, yóò ní kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò níṣojú àwọn ọmọ. Síbẹ̀, ìkíni ni ẹ̀kọ́ tí ó fi sí ipò kìíní. Bí àlejò bá ń bọ̀, gbogbo kíláàsì gbọ́dọ̀ ti dìde kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kọjá ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì kí i ní ohùn kan, ìlà mẹ́rin gbáko. Bí ìkíni bá pẹ́, èmi tíṣà ni yóò rán jáde, pé kí n wọlé bí àlejò títí tí àwọn ọmọ yóò fi kí mi bó ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ kan, mo wọlé, mo jáde, ní ìgbà mọ́kànlá.

“Comfort,” ó wí, “ọmọ tó mọ ìṣirò tí kò mọ ènìyàn kí, kí ni yóò ṣe fún ọ?”

“N kò mọ̀, Mà.”

“Yóò bá ọ ṣírò owó rẹ, yóò sì kó o lọ. Tún jáde.”

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, fún ẹni tí kò rí abẹ́rẹ́ rí. Mo kọ ìlà kan: mú òwú, kí o fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìyáàfin Quaye mú odidi òwú tó wé mọ́ igi, ó sì ń tì í mọ́ ojú abẹ́rẹ́.

“Kò wọlé,” ni ó wí.

“Mà, ẹnu òwú ni kí ẹ fà jáde.”

“Níbo lo kọ ẹnu sí?”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo tún un kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ nítorí pé n kò sọ apá ibi tí yóò dì mú. Nígbà tí ó fi gba ìwé mi, ó ti di ìlà mẹ́rìnlá. Mo sunkún nítorí abẹ́rẹ́ yẹn. Ọpẹ́ ni mo ń dá báyìí, nítorí pé ó lé ní ogójì ọdún kí n tó mọ ohun tí ó kọ́ mi.

Àwọn irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Mo bá síléètì, mo sì rí òpin rẹ̀. Mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìwé ìdánwò, èyí tí yíǹkì rẹ̀ ń ba gbogbo ìka mi jẹ́ dé ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n sì fi aṣọ bò ó bí ìyàwó tuntun. Mo ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé kan fún ọdún mẹ́rin tí n kò rí ẹni tó ṣí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ìjọba ní kí n lọ sinmi. N kò mọ̀ ọ́n sinmi. Ilé ìwé aládàáni kékeré kan wà lẹ́yìn Abossey Okai, níbi tí ìró òòlù àwọn fítà ń bá ìṣirò wa lọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo lọ.

Ibẹ̀ ni Efua ti wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà, èmi sì ti pé mẹ́tàdínláàádọ́rin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lọ káàkiri ilé ìwé, kí ó máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ti fi kóòdù, ìyẹn àṣẹ kọ̀ǹpútà, han ọmọdé. A ní kọ̀ǹpútà méjì fún ogójì ọmọ, dumsor sì wà níbẹ̀, bí a ti ń pe iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí. Efua ní a kò nílò iná. Ó fi ẹfun fa ojú ilẹ̀ kíláàsì sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin, ó gé páálí mílíìkì sí káàdì, ó ya ọfà sí wọn lára. Ọmọ kan yóò jẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tí kì í ṣe ju ohun tí a bá pa láṣẹ fún un lọ, ọmọ kejì yóò to káàdì, yóò sì máa pàṣẹ: lọ, yà sí ọ̀tún, yà sí òsì, dúró. Èmi ni ó kọ́kọ́ fi ṣe rọ́bọ́ọ̀tì.

Kò sí ọmọ tó lè pàṣẹ fún mi. Naa Dei, ọmọ Ga kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ní ọjọ́ mìíràn, ni wọ́n tì síwájú. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, “Madam, ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá ni yín lára, kí ẹ sún síwájú díẹ̀.”

“Rọ́bọ́ọ̀tì kò mọ díẹ̀,” ni Efua wí. “Ẹsẹ̀ mélòó?”

Nígbà tí mo wá rìn, mo yẹra fún àga kan tó wà lọ́nà.

“Mummy, ta ló ní kí ẹ yà?” ni Efua bi mí.

“Àga wà níbẹ̀, ọmọ mi.”

“Rọ́bọ́ọ̀tì kò rí àga. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.”

Ó dá mi padà ní ìgbà mẹ́ta. Inú mi dùn. Mo padà sílé, mo sì rántí odidi òwú tí kò wọ ojú abẹ́rẹ́. Mo sọ fún fọ́tò Ìyáàfin Quaye tó wà lára ògiri mi pé, “Mà, wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ abẹ́rẹ́ yín.”

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gba iṣẹ́ náà tọkàntọkàn, bóyá ju bí ó ti yẹ lọ. Efua kò ní kí n di ẹnikẹ́ni lójú. Èmi ni mo rò ó, pé bí a bá di rọ́bọ́ọ̀tì lójú, kò ní lè dọ́gbọ́n yẹra fún ohunkóhun, àṣẹ tó pé nìkan ni yóò sì gbé e dé ibi tó ń lọ. Gèlè mi aláwọ̀ ewé ni mo fi ń dì wọ́n lójú. Mo kọ́ wọn pé “lọ” túmọ̀ sí pé kí ó máa lọ títí yóò fi gbọ́ “dúró”. Mo kọ́ wọn pé rọ́bọ́ọ̀tì tó bá dá ara rẹ̀ dúró ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo sì ti kọ́ ogójì ọmọ yẹn kan náà ní ohun tí Ìyáàfin Quaye kọ́ mi: bí àlejò bá dé, ìkíni ló ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ rí i bí mo ti fi ọwọ́ ara mi to méjèèjì pọ̀ láìmọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a wà ní àgbàlá, nítorí pé kíláàsì ti kéré jù. Àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ti ṣí kọnkéré kan kúrò lójú gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọn kò sì dá a padà. Mo rí i. Mo rò pé ó jìnnà sí wa. Rafíátù ni rọ́bọ́ọ̀tì, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ Yorùbá tí a bí síhìn-ín, tó ń gbọ́ èdè wa ju bó ti ń sọ ọ́ lọ. Naa Dei ló ń pàṣẹ. Ó ní, “Lọ!” Rafíátù bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Géètì ṣí. Hẹ́dímásítà wa wọlé pẹ̀lú ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí mo ti máa ń ṣe láti pè wọ́n sí ìkíni. Gbogbo ọmọ, àti Naa Dei pẹ̀lú, kọjú sí àlejò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìkíni onílà mẹ́rin náà ní ohùn kan, ó dùn létí, mo sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Rafíátù náà ń kí i. Ó ń kí i, ó sì ń rìn lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kí ó dúró. Ní ìlà kẹta, ohùn kan dín nínú ohùn wọn.

Apá òsì rẹ̀ ló kán. Nígbà tí a gbé e jáde nínú gọ́tà, gèlè mi ṣì wà lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó sì kọ́kọ́ sọ ni, “Madam, mi ò dúró.” Ó rò pé n óò yìn ín.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà ní ọjọ́ náà, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ.

Hẹ́dímásítà ní kí n kó káàdì mi nílẹ̀, kí n má sì ṣe ẹ̀kọ́ náà mọ́. N kò bá a jiyàn. Mo ti ń rò ó pé kí n kó ìwé mi pẹ̀lú, kí n máa lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni bàbá Rafíátù dé. Fítà ni ní Abossey Okai, àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìnísà, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù sì ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Epo ṣì wà ní apá rẹ̀.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Mo wá kó ìwé ọmọ mi.”

“Ẹ jókòó, Bàbá Rafíátù.”

“Mi ò jókòó. Ó ní ẹ̀yin lẹ dì í lójú.”

“Èmi ni.”

“Ó ní ẹ ní kó má dúró.”

“Èmi ni mo ní kó má dúró àfi bí wọ́n bá pàṣẹ fún un. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ni.”

“Ẹ̀rọ?” Ó wo ìlà ẹfun tó wà nílẹ̀. “Ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun. Bíréèkì rẹ̀ dà?”

“Ẹni tó ń pàṣẹ ló ni ‘dúró’.”

“Háà, Màmá! Ẹ wá gbé bíréèkì fún ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń kí èèyàn?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé ojú rẹ̀. “Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọṣẹ́ tó bá fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kó tó mọ bíréèkì, ilé ìyá ẹ̀ ló ń lọ. Mọ́tò tí kò lè lọ kò pa ẹnì kankan. Èyí tí kò lè dúró ńkọ́?”

Mo na ìwé ọmọ rẹ̀ sí i, kò gbà á.

“Ẹ̀yin lẹ kàwé. Ṣùgbọ́n bàbá mi a máa wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ rán ọmọ mi níṣẹ́ ẹrú, Màmá, ẹ tún ní kó jẹ́ ẹ bí ẹrú.”

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Ó sáré di apá mi mú. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ fẹ́ kó ègún bá mi ni? Ẹ ṣáà fi bíréèkì sí i. Bí mo bá rí i tó mú, ọmọ mi á padà wá. Bí kò bá mú, ilé ìwé pọ̀ ní Accra.”

Mo pe Efua lórí fóònù. Mo rò ó fún un. Ó ní, “Mummy, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Mo kọ́ yín ní àṣẹ, mi ò tíì kọ́ yín ní ‘bí’.” Ó sì ṣàlàyé pé a lè kọ ọ́ sí inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀: bí nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ṣe báyìí, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Mo jókòó ti káàdì mi. Mo gé tuntun, mo sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́: bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá kan ilẹ̀, dúró. Rọ́bọ́ọ̀tì yóò máa fi àtàmpàkò ẹsẹ̀ yẹ iwájú wò kí ó tó gbé ara lé e. Mo pa “lọ” láìní iye rẹ́. Ẹsẹ̀ mélòó ni a gbọ́dọ̀ sọ. Òfin kan ṣẹ́kù, òun ló sì le jù fún mi láti kọ: ẹni tó ń pàṣẹ, àti gbogbo ẹni tó ń wò, kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára rọ́bọ́ọ̀tì títí yóò fi gbọ́ “dúró”, ẹnikẹ́ni tí ì báà wọlé, kódà bí ó jẹ́ ọba. Mo wo fọ́tò Ìyáàfin Quaye títí. Mo kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yí ojú fọ́tò náà sí ògiri fún ọjọ́ méjì; kí n má purọ́, ojú rẹ̀ ń tì mí.

Hẹ́dímásítà ní bí bàbá ọmọ bá gbà, òun náà gbà. Bàbá Rafíátù wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti dá kọnkéré padà sójú gọ́tà, nítorí náà ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò kékeré kan tí kò jìn ju ọwọ́ kan lọ sí àárín àgbàlá. Ó gba gèlè mi, ó dì í mọ́ ojú ara rẹ̀, ó sì pe Naa Dei, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ dáadáa láti ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣubú.

“Ìwọ ọmọ Ga, pàṣẹ fún mi. Gbé mi sọ sínú kòtò.”

“Daddy, ẹ jọ̀wọ́...”

“Mọ́tò kì í gbọ́ ẹ jọ̀wọ́. Pàṣẹ!”

“Ẹsẹ̀ mẹ́wàá síwájú,” ni Naa Dei wí.

Ó rìn. Ẹsẹ̀ kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹsẹ̀ kejì, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ẹsẹ̀ keje, àtàmpàkò rẹ̀ kan òfìfo. Ó dúró gbọin, ọkùnrin abikùn ńlá, lórí ẹsẹ̀ kan. Naa Dei bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ó mú,” ni bàbá Rafíátù wí. Ó tú gèlè náà, ó sì ká a dáadáa kí ó tó dá a padà fún mi.

Ní ọjọ́ Ajé, Rafíátù padà wá pẹ̀lú símẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi to egungun ní apá, gbogbo kíláàsì sì ya ọfà sí i lára. Bàbá rẹ̀ gé táyà àlòkù fún wa dípò ẹfun tí òjò ń fọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọmọ kankan bá to káàdì rẹ̀ tán, Rafíátù ni yóò kọ́kọ́ bi í pé, “Bíréèkì dà?” Nígbà tí wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì díẹ̀ ta wá lọ́rẹ, tí àwọn yòókù ń sáré mú kí ẹyẹ àwòrán ojú rẹ̀ fò, ti Rafíátù ló kọ́kọ́ mọ bí yóò ti dúró létí omi. Mo rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò kó ìwé mi lọ sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, ẹ wá a. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀gá tó le, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí sí. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní òfin ìkẹyìn yẹn, pé kí wọ́n má gbójú kúrò lára rọ́bọ́ọ̀tì, kò sì sí ọjọ́ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ tí n óò fi mọ̀ bóyá ó wọ̀ wọ́n lára.

Ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ náà ti dé kíláàsì kẹfà. Wọ́n ní àwọn ní ẹ̀bùn fún mi lábẹ́ igi máńgòrò, àti pé rọ́bọ́ọ̀tì nìkan ló lè lọ gbà á. Rafíátù fi gèlè mi aláwọ̀ ewé, èyí tó ti ṣá, di ojú mi. Òun ló sì ń pàṣẹ. “Ẹsẹ̀ mẹ́rin síwájú. Yà sí òsì.” Kò sọ pé ẹ jọ̀wọ́. Mo dé àárín àgbàlá nígbà tí mo gbọ́ géètì, tí mo sì gbọ́ ohùn hẹ́dímásítà àti ti àlejò kan. Gbogbo ara mi dìde fún ìkíni náà. Ọwọ́ mi méjèèjì ti gbéra láti pàtẹ́wọ́. Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́. Ogójì ọmọ, kò sí ẹyọ kan tó kí àlejò.

“Ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú,” ni Rafíátù wí.

Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo rìn ín.

“Dúró.”

Nígbà náà ni ìkíni wọn bú jáde, ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ohùn tó dín. Mo tú gèlè. Ọ̀gá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni, ẹni tó wọlé ní ọjọ́ ìjàǹbá. Ó ṣì dúró ní ẹnu géètì, ó ti ṣí fìlà, kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé. Òun náà ti ń dúró de “dúró”.

Wọ́n gbé ẹ̀bùn náà fún mi: káàdì bíréèkì kan tí a fi yíǹkì pupa kọ, tí orúkọ gbogbo wọn wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí mo fi há ẹ̀gbẹ́ fọ́tò Ìyáàfin Quaye. Ojú fọ́tò náà kọ sí ilé báyìí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje, ọdún 2024, ni mo rí wọn kẹ́yìn.